Ẹni Tí Ẹ̀rọ Ń Dúró Dè

Máòsì náà tún kú mọ́ Kẹ́hìndé lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn omi ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì. Iná kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́jú, ó pọ́n, ó sì kú. Lójú kọ̀ǹpútà, irin ilẹ̀kùn tó ti ń bọ̀ wálẹ̀ jẹ́jẹ́ dúró gbagidi, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà, nítorí bí òfin ṣe ní kó ṣe nìyẹn tí ọwọ́ ènìyàn bá ti kúrò. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ Kẹ́hìndé kò kúrò níbì kankan. Ó di máòsì náà mú débi pé èékánná rẹ̀ funfun.

"Ó tún já," ló wí.

Fọlárìn, ẹlẹ́rọ tí Ìgbìmọ̀ Odi rán wá, gbé orí sókè lábẹ́ tábìlì níbi tó ti ń tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó sì fi orí gbá igi. "Ṣé o gbé ọwọ́ kúrò ni?"

"Bọ̀dá Fọlárìn, tí mo bá gbé ọwọ́ kúrò, ṣé màá tún máa bi yín pé kí ló ṣe é?"

"Mo kàn bi ọ́ ni o. Ẹlẹ́rọ tí ò bá béèrè ìyẹn, kì í ṣe ẹlẹ́rọ." Ó ń ra àtàrí rẹ̀. "Ó dáa náà. Ìdánwò la ṣe yìí. Ti ọ̀sán ló lẹ́rù."

Ti ọ̀sán ló lẹ́rù lóòótọ́. Ìlú Ìgbẹ́kẹ̀lé wà lẹ́yìn Odi, òkun sì ga ju ìlú lọ. Ojoojúmọ́ ni omi ń kún, ojoojúmọ́ náà ló ń fà, ṣùgbọ́n ti òní kì í ṣe ti ojoojúmọ́. Òṣùpá ti kún, atẹ́gùn ń fẹ́ bọ̀ láti inú òkun, Ìgbìmọ̀ sì ti kéde pé kí oòrùn tó yẹ àtàrí, omi yóò dé ibi tí kò tíì dé rí lọ́dún yìí. Ilẹ̀kùn omi pọ̀ lára Odi, ilé kọ̀ọ̀kan ló sì ń tọ́jú tirẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú oko bàbá rẹ̀. Ilé Ìyá Ìbejì ló ni Ilẹ̀kùn Kẹta. Tí Ilẹ̀kùn Kẹta kò bá tì, Ìsàlẹ̀-Odi ni omi máa kọ́kọ́ lọ kí, ibẹ̀ sì ni àwọn tí ara wọn kò lè gun òkè ń gbé.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Nígbà tí máòsì já lóṣù tó kọjá, omi gbé Bàbá Ajírótutù tòun ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹsẹ̀ baba náà kan ti rọ, kò lè rìn láìlọ́pàá. Ìdí òpó iná ni wọ́n ti lọ já a gbà. Ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ ikú yìí kò yé fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́: ó ní òun kò wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́ láti ìgbà èwe òun, àfi ìgbà tí Kẹ́hìndé jẹ́ kí òun wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kẹ́hìndé bá a rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó délé ló sunkún.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè ní, ẹ kúkú so okùn mọ́ máòsì yìí kí wàhálà tán. Ta ló máa so ó? Láti ọdún tí iná ti gba inú okùn bọ́ sínú omi, tó pa odindi àdúgbò kan lórí ìjókòó, okùn ti di èèwọ̀ nílé tó bá ń tọ́jú ilẹ̀kùn. Àgbàlagbà Ìgbẹ́kẹ̀lé kò sá fún ejò, ṣùgbọ́n fa okùn iná yọ nínú àpò rẹ, wàá rí eré. Wọn kò sì gbà kí ẹ̀rọ dá ilẹ̀kùn tì. Ó ti dá a tì rí, kò bojú wo ẹni tó wà lábẹ́. Nítorí náà, ọwọ́ ènìyàn ló gbọ́dọ̀ wà lórí máòsì láti ìbẹ̀rẹ̀ títí omi yóò fi fà padà, ọwọ́ ẹni tí máòsì sì mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni. Òfin tó dáa ni, tí máòsì bá ń gbọ́ràn.

Ti Kẹ́hìndé kò gbọ́ràn. Fọlárìn ti pààrọ̀ bátìrì. Ó ti yọ etí kọ̀ǹpútà, ẹyọ pẹlẹbẹ tó ń gbọ́ ohun tí máòsì ń sọ, kúrò lẹ́yìn, ó ti gbé e wá síwájú níbi tí nǹkan kan kò dí i. Ó ti ní kí wọ́n gbé àpótí páànù àti ìkòkò irin jáde ní pálọ̀, nítorí irin a máa gbé ohùn mì. Ó ti lọ bá aládùúgbò pé kó pa gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀, ìyẹn sì pa á tìbínú-tìbínú. Ìgbìmọ̀ ti fún wọn ní máòsì tuntun, wọ́n tún ti fún wọn ní òmíràn. Èyíkéyìí tí wọ́n bá lò, á ṣiṣẹ́ dáadáa, á ṣiṣẹ́ dáadáa, tó bá di pé ilẹ̀kùn wà ní àárín méjì, á já.

Nǹkan kan wà tí Kẹ́hìndé kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí máòsì bá ti já, ọfà tó wà lójú kọ̀ǹpútà kì í dúró. Á rọra fà sápá òsì, á yí bírí níbẹ̀, á tún yí, bí ẹni pé ẹnìkan ń fi ọwọ́ pa orí ọmọ. Alòsì ni Táyé, èkejì rẹ̀. Ẹ̀rù yìí ti wà lára Kẹ́hìndé láti bí oṣù mélòó kan, kò sì mọ ẹni tó lè sọ ọ́ fún tí kò ní wò ó lójú tìyanu-tìyanu.

"Bọ̀dá," ó wí níkẹyìn, "ṣé máòsì tó ti já lè máa rìn?"

Fọlárìn jáde lábẹ́ tábìlì pátápátá. "Kó máa rìn báwo?"

"Ọfà ló ń rìn. Ọwọ́ mi ò mì."

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó sì dúró wo ojú kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀. "Kò já nígbà náà," ó wí. "Ẹni tó bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ tó kọ ẹ̀yìn sí ọ, ṣé ó yadi ni? Ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀. Nǹkan mìíràn wà nínú ilé yìí tí kọ̀ǹpútà yìí fẹ́ràn jù ọ́ lọ."

Ó yọ ẹ̀rọ kékeré kan nínú àpò rẹ̀, irú èyí tó máa ń ké tó bá súnmọ́ ohunkóhun tó ń sọ̀rọ̀ láìlókùn. Ó gbé e yí pálọ̀ ká. Ó ké níwájú máòsì Kẹ́hìndé, ìyẹn yé wọn. Ó ké díẹ̀ níwájú aago ògiri. Nígbà tó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wá ké kíkankíkan, kò sì dákẹ́ títí tó fi dé ẹnu yàrá ìyá Kẹ́hìndé.

Ìyá Ìbejì jókòó sẹ́nu ọ̀nà lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ dí ojú ọ̀nà. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, orí rẹ̀ ti funfun. Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè é látìgbà tó ti bí wọn, ìyẹn ni wọ́n sì ń pè é di òní. Kò sẹ́ni tó láyà láti yí i padà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," Fọlárìn dọ̀bálẹ̀ tán, "ẹ̀rọ ọwọ́ mi ní kí n wọlé."

"Ṣé ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ ló ń gba ọkùnrin sí yàrá opó nísinsìnyí?"

"Ẹ má bínú, mà. Omi ló ń lé wa."

"Màámi," Kẹ́hìndé wí, "ẹ ká ẹsẹ̀ kò."

Ìyá wo ọmọ rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó ká ẹsẹ̀ kò, ṣùgbọ́n kò dìde.

Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àpótí kan wà tí aṣọ funfun bò. Abọ́ ìgbaná méjì wà lórí rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń gbé máòsì lé kó lè gba iná. Ọ̀kan ṣófo, ti Kẹ́hìndé ni, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ń gbé e fún un láràárọ̀ bí ẹni gbé oúnjẹ fún ọmọ iléèwé. Máòsì kan wà lórí èkejì, ó ń dán fún òrí tí wọ́n fi pa á. Àwo ẹ̀wà tútù kan wà níwájú rẹ̀, epo rẹ̀ ti dì. Ara máòsì náà sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kẹ́hìndé mọ bó ṣe sán, nítorí òun àti Táyé ni wọ́n jọ ń du ú nígbà tí wọn kò tíì ju ọmọ iléèwé lọ tó fi bọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀rọ ọwọ́ Fọlárìn ń ké bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Ó pa á.

"Ti... ti ẹni tó lọ sí Èkó nìyí," Fọlárìn wí. Ó ti fẹ́ sọ nǹkan mìíràn kó tó rántí ibi tó wà.

Gbogbo Ìgbẹ́kẹ̀lé ló mọ̀ pé ibà ló mú Táyé ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ wọn ló bẹ̀ ẹ́ wò lórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn kan nínú wọn sì gbẹ́ ilẹ̀ fún un lókè, wọn kò sì jẹ́ kí Kẹ́hìndé dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbejì kì í kú. Ó lọ sájò ni, ó lọ sí Èkó. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ṣe ń sọ ọ́ nígbà tí Èkó ṣì jẹ́ ibi tí ènìyàn ń wọ bàtà lọ. Èkó ti wà lábẹ́ omi látìgbà tí wọn kò tíì bí Ìyá Ìbejì, àwọn tó ń mòòkùn wá irin ló kù tí wọ́n ń lọ síbẹ̀, síbẹ̀ ẹnu kò mọ̀ pé ìlú ti rì. Nígbà tí ẹ̀rọ ilé, kọ̀ǹpútà pálọ̀ yìí kan náà, bi Ìyá Ìbejì lọ́dún náà pé níbo ni ẹnìkejì Kẹ́hìndé wà, pé òun kò gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó mọ ohun tó yẹ kó sọ fún un. Kò sọ ọ́. Ó ní ó lọ sí Èkó. Nínú gbogbo ẹni tó gbọ́ èsì yẹn ní ìlú, ẹ̀rọ nìkan ló gbà á gbọ́.

"Màámi, ẹ̀yin lẹ̀ ń fún un níná?"

"A kì í bọ́ ọ̀kan ká febi pa ìkejì."

"Lójoojúmọ́?"

"Ṣé o ò jẹun lójoojúmọ́ ni?" Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rọ̀. "Tí o bá ti jókòó síbi ilẹ̀kùn yẹn, àyà mi a máa já. Mi ò lè wò ó. Èmi a wọlé wá, èmi a gbé e lé ẹsẹ̀, èmi a máa fi ọwọ́ pa á. Mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ràn ọ́ lọ́wọ́ ni. Mo ní, ẹ̀jìrẹ́ mi, ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń ṣiṣẹ́ yẹn o, má jẹ̀ẹ́ kí ojú tì í."

Kẹ́hìndé jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rù tó ti ń bà á láti bí oṣù mélòó kan lọ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó rọ́pò rẹ̀ sì burú ju ẹ̀rù lọ. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ń rí lójú kọ̀ǹpútà. Gbogbo ìgbà tí omi wọ Ìsàlẹ̀-Odi, àdúrà ìyá rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Fọlárìn ní tirẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ẹlẹ́rọ tó bá ti rí ibi tí àìsàn wà, kì í rántí pé ẹnìkan ló ń ṣàìsàn. "Ó ti bùṣe!" ó wí. "Ìyá, ẹ má sunkún, kò sí ẹni tó máa bá yín wí. Pípa la ó pa á. Tọ́wọ́ bá kúrò lára ẹ̀, tí bátìrì kúrò nínú ẹ̀, ti Kẹ́hìndé nìkan ni kọ̀ǹpútà máa gbọ́." Kí ẹnikẹ́ni tó wí nǹkan, ó ti gbé máòsì náà, ó ti fi ìka ṣí ìdí rẹ̀, bátìrì ti bọ́ sí i lọ́wọ́.

Kọ̀ǹpútà fọhùn ní pálọ̀. Ohùn rẹ̀ tutù, kò sì yára, irú ohùn tí àwọn Ìgbìmọ̀ fi sí i kó má baà dẹ́rù ba àgbàlagbà.

"Mo gbọ́ Táyélolú nítòsí," ó wí. "Ohùn rẹ̀ ti dákẹ́. Mo ń dúró dè é. Mi ò ní ti ilẹ̀kùn."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sáré dé pálọ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, Ilẹ̀kùn Kẹta wà lókè téńté, wọ́n sì ti fi àmì ọkọ̀ pupa kan sí iwájú rẹ̀. Kẹ́hìndé fi ọwọ́ lé máòsì rẹ̀. Iná rẹ̀ tàn dáadáa. Ó fà á wálẹ̀. Ilẹ̀kùn kò mì.

"Olúwa mi ò," Fọlárìn wí. Ayọ̀ ti tán lójú rẹ̀. "Òfin Arìnrìn-àjò ni. Mo gbàgbé ẹ̀ pátápátá."

Kò sẹ́ni tó dàgbà ní Ìgbẹ́kẹ̀lé tí kò mọ òfin náà. Ní ọdún tí omi gba Èkó tán, àwọn tó wà níbẹ̀ wọ ọkọ̀ wá sílé, wọ́n dé ẹsẹ̀ Odi, ilẹ̀kùn sì ti tì. Àwọn tó wà nínú ilé gbọ́ ohùn wọn títí ilẹ̀ fi mọ́. Látìgbà náà, tí ilé kan bá ti ní arìnrìn-àjò lójú omi Èkó, ẹ̀rọ ilé náà gbọ́dọ̀ máa tẹ́tí sí i. Tí ohun ọwọ́ rẹ̀ bá ti fọhùn nítòsí, kó fi ẹni tó wà nílé sílẹ̀ kó dá a lóhùn. Tí ohùn náà bá sì dákẹ́ nígbà tí omi ń kún, kó gbà pé ó wà lẹ́sẹ̀ Odi nínú omi. Kó má tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

"Ẹ dá bátìrì ẹ̀ padà," Kẹ́hìndé wí. "Ẹ tàn án padà!"

Fọlárìn tàn án. Kọ̀ǹpútà ní, "Ẹ káàbọ̀, Táyélolú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ lé e kí n lè mọ̀ pé ẹ ti wọlé."

Wọ́n wo ara wọn. Kẹ́hìndé gba máòsì tó sán náà lọ́wọ́ Fọlárìn. Òrí mú kó máa yọ̀. Ó gbé e sápá òsì tábìlì, ó sì fi ọwọ́ òsì rẹ̀ lé e, ó na ìka rẹ̀ bí Táyé ti máa ń na tirẹ̀. Inú ìyá kan náà ni wọ́n ti jọ hu ọwọ́ wọn. Ó gbàdúrà pé kí ó jọra tó.

"Ọwọ́ yìí jọ tirẹ̀ púpọ̀," kọ̀ǹpútà wí. "Kì í ṣe òun. Mo ń dúró dè é."

Kẹ́hìndé yọ ọwọ́ kúrò bí ẹni fọwọ́ kan iná.

Lóde, fèrè Odi dún. Omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún.

"Ọ̀nà kan ló kù," Fọlárìn wí. Kò wo ẹnikẹ́ni lójú. "Ẹnìkan nínú ẹbí máa sọ fún un pé... pé kò bọ̀ mọ́. Kó sọ ọ́ kedere. Kì í gba ìjẹ́wọ́ tó bá ń yí po. Tó bá jẹ́ pé èmi lè sọ ọ́, mo fi ẹ̀mí ìyá mi búra, ǹ bá ti sọ ọ́. Ẹlòmíràn ni mo jẹ́ sí i."

"Kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ nínú ilé yìí," Ìyá Ìbejì wí.

"Màámi."

"Mo ní kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́! Ṣé o mọ ohun tí ò ń ṣe? Tẹ́nu bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀kan, á gbọ́ pé wọ́n ti lé òun, á wá mú ìkejì ẹ̀. Wọ́n ṣe é fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ojú mi báyìí ló ṣe. Ẹnìkan ló kù fún mi, Kẹ́hìndé. Ẹnìkan ṣoṣo!"

Kẹ́hìndé fẹ́ sọ pé òun kò gba irú ìyẹn gbọ́. Òótọ́ ni pé kò gbà á gbọ́, nígbà tí oòrùn bá ń ràn tí ó sì wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà kò tíì sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Kò sọ ọ́ nínú balùwẹ̀, kò sọ ọ́ lábẹ́ aṣọ ìbora, kò jẹ́ kí ó parí nínú ọkàn rẹ̀ pàápàá. Tí ẹni tí kò mọ̀ bá bi í léèrè, á ní Èkó. Èkó náà ti mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀ tó fi máa ń rí Táyé lójú àlá, tó ń rìn ní títì kan tó gbẹ, tó gbé àpò sí èjìká òsì. Táyé ló ti ń ṣíwájú látìbẹ̀rẹ̀; òun ni Kẹ́hìndé rán wá tọ́ ayé wò. Ẹni tí a rán níṣẹ́, a kì í sọ pé kò ní padà.

"Kẹ́hìndé o!" Ohùn kan gba ojú fèrèsé wọlé láti Ìsàlẹ̀-Odi. Bàbá Ajírótutù ni. "Kẹ́hìndé! Ó ti dé orókún mi o! Ṣé kí n tún wọkọ̀ ni?" Ó fẹ́ fi ṣàwàdà bó ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ohùn náà gbọ̀n, ó sì fọ́. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́! Àwa pọ̀ níbí o!"

Ariwo àwọn mìíràn bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀, obìnrin kan ń pe orúkọ ẹnìkan léraléra.

Ìyá Ìbejì fi ọwọ́ méjèèjì di etí. "Jẹ́ kí wọ́n lọ gbé wọn. Ìgbìmọ̀ ní ọkọ̀."

"Ọkọ̀ ò lè dé ibẹ̀ kí omi tó kún, mà," Fọlárìn wí jẹ́jẹ́.

Kẹ́hìndé jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ó ronú pé tí òun bá dúró díẹ̀ sí i, ìyá òun yóò sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó sì tún ronú pé kò sí ìwà ìkà tó tó kí ènìyàn dúró de ìyẹn. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ lé máòsì rẹ̀.

"Táyélolú kò sí ní Èkó," ó wí.

"Níbo ló wà?" kọ̀ǹpútà béèrè.

"Má sọ ọ́, má sọ ọ́, má sọ ọ́," ìyá rẹ̀ ń wí lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti dì mọ́ ọn léjìká.

"Ó ti kú." Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò jọ tirẹ̀, ó jọ tẹni tó wà ní ẹnu ọ̀nà. "Táyélolú ti kú. Ibà ló pa á. Ó kú lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, nínú ilé yìí."

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àjà kò jìn, ọkàn rẹ̀ kò dúró. Kọ̀ǹpútà ló tún fọhùn.

"Ìyá sọ fún mi pé ó lọ sí Èkó. Kẹ́hìndé sọ fún mi pé ó ti kú. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ẹ̀yin Ìyá, ṣé irọ́ ni Kẹ́hìndé ń pa?"

Omi ti ń dún nísinsìnyí, ìró tó nípọn, tó ń yí gbirigbiri gba ẹnu ilẹ̀kùn tó ṣí. Fọlárìn ti kúnlẹ̀, bóyá ó ń bẹ ìyá ni, bóyá ó ń bẹ Ọlọ́run. Kẹ́hìndé yí ọrùn padà, ó sì wo ìyá rẹ̀ lójú. Kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn wò ó ni, ìyá náà sì wo ojú kan ṣoṣo tó ń wò ó, ojú tó ti ń rí ní méjìméjì nígbà kan.

"Mi ò bí òpùrọ́ ọmọ," Ìyá Ìbejì wí. "Ohun tí Kẹ́hìndé bá sọ fún ọ, gbà á bẹ́ẹ̀."

"Mo ti gbà á," kọ̀ǹpútà wí. "Ẹ kú ìrọ́jú."

Àmì ọkọ̀ pupa náà parẹ́. Ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ Kẹ́hìndé. Ó kọjá ìdajì, ibi tó ti máa ń já, kò sì já. Ó dé ilẹ̀, ó wọ inú ihò rẹ̀, tábìlì sì gbọ̀n díẹ̀ bí irin ṣe jókòó. Ní Ìsàlẹ̀-Odi, ariwo yí padà di igbe ayọ̀.

Wọ́n ti gbàgbé pé òfin kan náà kò parí síbẹ̀. Tí wọ́n bá ti ń dúró de arìnrìn-àjò, tí wọ́n sì wá mọ̀ pé kò bọ̀ mọ́, a gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn tó bá ń wá a lójú omi kí wọ́n má baà fi ẹ̀mí ara wọn wéwu. Gbogbo ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó wà lórí Odi lanu lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn tútù náà sì ró lórí òrùlé gbogbo Ìgbẹ́kẹ̀lé.

"Ẹ dáwọ́ wíwá dúró. Táyélolú, ọmọ Ìyá Ìbejì, Ilẹ̀kùn Kẹta, ti kú. Ẹ dáwọ́ wíwá dúró."

Igbe ayọ̀ náà dákẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bu omi sí iná.

Ìyá Ìbejì tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò léjìká Kẹ́hìndé. Ó rìn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọ yàrá rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti fi igbe ta. Wọn kì í sunkún ẹni tó lọ sájò, nítorí náà kò sunkún láti ọdún mẹ́rin. Ó wá ń sun ún nísinsìnyí, gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó ń pe orúkọ Táyé, ó ń pe oríkì rẹ̀, ó ń bi í pé ta ló máa bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ ẹ̀wà.

Kẹ́hìndé fẹ́ dìde lọ bá a. Fọlárìn yára gbé ọwọ́ sókè. "Ọwọ́ rẹ!" ó wí. "Kẹ́hìndé, ọwọ́ rẹ. Títí omi á fi fà."

Ó jókòó padà. Omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún ni. Á pẹ́ kó tó fà. Fọlárìn wò ó, ojú rẹ̀ kún fún omi, ó sì lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Ìbejì, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri.

Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Aṣọ wọn tutù dé ìtan, ẹrẹ̀ Ìsàlẹ̀-Odi sì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Àwọn méjì gbé Bàbá Ajírótutù sáàárín. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ilẹ̀kùn. Wọ́n ń kọjá lẹ́yìn Kẹ́hìndé lọ́kọ̀ọ̀kan lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n ti gbé mì láti ọdún mẹ́rin: ẹ kú ọ̀fọ̀, Ìyá, ẹ kú àmúmọ́ra, Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Àwọn kan fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn Kẹ́hìndé bí wọ́n ṣe ń kọjá. Bàbá Ajírótutù ní kí wọ́n gbé òun kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀, kò ṣàwàdà kankan.

Kẹ́hìndé kò yíjú. Ó ń wo ọfà tó wà láàárín ojú kọ̀ǹpútà. Ó wo apá òsì, ó tún wo ọfà. Iná máòsì tàn funfun, kò ṣẹ́jú rárá, Fọlárìn ti tún un ṣe dáadáa. Ó mọ iye ẹ̀mí tó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀ ó ń bẹ ọfà náà nínú ọkàn rẹ̀ pé kó fà lọ sósì, kó yí bírí lẹ́ẹ̀kan péré, kó já mọ́ òun lọ́wọ́.

Kò já.